Kíákíá Bá Bàbá Tò Ó

Ọmọbìnrin kan wà tí gbogbo ilé ń pè ní Kíákíá.

Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Ẹsẹ̀ méjì péré ló ní, ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí i, ẹ máa rò pé mẹ́fà ni.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí Kíákíá ti ilé ìwé dé, ó jókòó. Ó dìde. Ó tún jókòó. Ó tún dìde.

"Kí ló dé tí ara ẹ ò lélẹ̀?" Màmá bi í.

"Ọkọ̀ ni, Màmá," ni Kíákíá wí. "Ìgbà wo ló máa rìn?"

Háà, ọkọ̀! Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọkọ̀ yẹn fún yín.

Ẹ̀yìn ilé ló wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tí Màmá ń sá aṣọ sí. Ọkọ̀ àtijọ́ ni. Ó dàgbà ju Bàbá lọ.

Ojú iná rẹ̀ kan ti fọ́. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kan ti dípẹtà. Koríko ti hù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Alángbá kan sì ń gbé inú rẹ̀, kò tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Níbi tí àwọn kan ti fẹ́ jù ú nù ni Bàbá ti rí i. Bàbá wọ́ ọ wá sílé. Wọ́n gbá a lórí, gbì, gbì. Wọ́n ní, "Màá tún ẹ ṣe."

Ẹ gbọ́ o, Bàbá kì í ṣe mẹkáníìkì. Télọ̀ ni Bàbá.

Ọwọ́ tí wọ́n fi ń di abẹ́rẹ́ mú ní ṣọ́ọ̀bù, òun náà ni wọ́n fi ń di sípánà mú nílé. Bí wọ́n bá ti ti ibi iṣẹ́ dé, fìrí! Wọ́n ti wà lábẹ́ ọkọ̀.

Bí àlejò bá béèrè Bàbá, Màmá a na ẹnu sí ẹ̀yìn ilé. "Ọkọ mi wà lábẹ́ ọkọ̀," ni Màmá máa ń wí.

Ọkọ lábẹ́ ọkọ̀! Kíákíá a rẹ́rìn-ín, inú a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa run ún.

Ẹ̀yin náà, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n gbọ́. Ọkọ lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ lábẹ́ ọkọ̀. Ọkọ lábẹ́ ọkọ̀! Ẹ ti ṣì í, àbí?

Màmá tún ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe ọkọ̀ náà. "Orogún mi" ni wọ́n ń pè é.

"Bàbá Kíákíá, ẹ fi orogún mi sílẹ̀, kí ẹ wá jẹun!"

"Mò ń bọ̀!" ni Bàbá á wí. Oúnjẹ á tutù, Bàbá ò ní tíì dé.

Bàbá ti rán aṣọ tuntun sí ìjókòó ọkọ̀ náà, aláwọ̀ ojú ọ̀run. Bàbá ti ṣe ìlérí. "Lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ rìn, ìwọ lo máa jókòó lẹ́bàá fèrèsé."

Nítorí náà ni Kíákíá ṣe ń béèrè. Láàárọ̀, "Ṣé òní ni?" Lọ́sàn-án, "Ṣé òní ni?" Nírọ̀lẹ́ ńkọ́? "Ṣé òní ni?"

Ẹnì kan wà tí kò fẹ́ràn ọkọ̀ náà rárá. Bàbá onílé ni.

Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, ọ̀pá Bàbá onílé dún lórí sìmẹ́ǹtì. Kò! Kò! Kò!

"Télọ̀!" ni Bàbá onílé pè. "Pálapàla irin yìí ti pẹ́ jù nínú ọgbà mi."

Bàbá yọ orí lábẹ́ ọkọ̀. Gíríìsì wà nímú wọn. "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá. Ó ku díẹ̀."

"Díẹ̀ wo? Díẹ̀ tí o wí lọ́dún tó kọjá ni, àbí òmíràn?"

Bàbá fi ọwọ́ nu imú, gíríìsì tún tàn ká a.

"Ó dọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Bàbá onílé wí. "Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn jáde ní géètì mi. Bí kò bá rìn, oní-irin-àlòkù á wá wọ́ ọ lọ."

Kò! Kò! Kò! Bàbá onílé lọ.

Àyà Kíákíá já. Ó ti rí oní-irin-àlòkù rí. Ṣéènì ló fi ń wọ́ nǹkan. Ohun tó bá sì wọ́ lọ, wọn a lọ fọ́ ọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́.

Kíákíá wo ojú Bàbá. Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń fi àkísà nu sípánà, wọ́n ń nù ún, wọ́n ń nù ún, bẹ́ẹ̀ sípánà ti mọ́.

Àánú Bàbá ṣe Kíákíá gan-an.

"Bàbá, kí ló kù?" ló béèrè.

"Wá wò ó," ni Bàbá wí.

Bàbá ti tú ẹnjìnnì. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun kan sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, aṣọ tó ṣẹ́kù ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Lórí aṣọ náà, nọ́ọ̀tì nìyí, bóòtì nìyí. Kékeré, ńlá, gígùn, kúkúrú. Mẹ́tàlélógójì ni gbogbo wọn.

Kálukú dá dúró sí àyè tirẹ̀, bí wọ́n ṣe wà nínú ẹnjìnnì gẹ́lẹ́. Bàbá ti fi ṣọ́ọ̀kì télọ̀ kọ nǹkan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Kíákíá ò tíì lè ka ìwé kíkọ Bàbá. Màmá pàápàá ò lè kà á.

"Mo ti tú u tán," ni Bàbá wí. "Ó ku kí a tò ó."

"Ẹ jẹ́ ká tò ó nísinsìnyí!"

"Ilẹ̀ ń ṣú. Lọ́la, tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé, a máa tò ó."

"Tí a bá ti tò ó, ó máa rìn?"

"Tí a bá ti tò ó, ó máa rìn."

Kíákíá fò sókè. Ó fò wọlé. Ó fò sórí bẹ́ẹ̀dì. "A máa tò ó, a máa tò ó, a máa tò ó!"

Ilẹ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́. Kíákíá lọ sílé ìwé, ó sì dé. Bàbá ò tíì dé.

Kíákíá jókòó. Kíákíá dìde. Ó yọjú wo géètì. Bàbá ò tíì dé.

Ó tún jókòó. Ó tún dìde. Ó tún yọjú. Ológbò kan ló ń kọjá.

"Ọ̀la ni ọjọ́ Àbámẹ́ta," ni Kíákíá wí fún ara rẹ̀. "Ọ̀la mà ni!"

Ìgbà náà ni èrò kan wá sí i lọ́kàn. Kí ló dé tó ń dúró de Bàbá? Ṣé òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń tò ni?

Ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ilé ìwé, láràárọ̀, olùkọ́ a pariwo pé, "Ẹ tò!" Àwọn kúkúrú a lọ síwájú. Àwọn gíga a lọ sẹ́yìn. Kíákíá ló máa ń wà níwájú pátápátá.

"Màá bá Bàbá tò ó," ni Kíákíá wí. "Wọ́n á dé, wọ́n á rí i pé ó ti tán. Ọkọ̀ á rìn!"

Ó gbé garawa. Ó da omi sí i. Ó da ọṣẹ sí i. Ó kó nọ́ọ̀tì, ó kó bóòtì, gbogbo rẹ̀ pátá, sínú omi.

Kọ̀rọ́! Kọ̀rọ́! Kọ̀rọ́!

Ó fọ̀ wọ́n, ó fọ̀ wọ́n. Fọ́ọ́ọ́, ọṣẹ hó. Dúdú kúrò, dídán dé.

Ó wá gbé pákó kan kalẹ̀. "Ẹ tò!" ni Kíákíá pariwo mọ́ wọn, bí olùkọ́ gẹ́lẹ́. "Kékeré síwájú! Ńlá sẹ́yìn! Ìwọ yẹn, má ti ẹnìkejì ẹ!"

Wọ́n tò. Láti orí èyí tó kéré jù dé orí èyí tó tóbi jù, tò-tò-tò, lórí ìlà kan ṣoṣo. Ó rẹwà! Kíákíá pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀.

Aṣọ funfun ńkọ́? Ó ti dọ̀tí, ó kún fún òróró. Kíákíá ká a, ó jù ú sínú abọ́ ìfọṣọ Màmá.

Ó da omi garawa sí gọ́tà. Ṣọ̀ọ̀ọ̀!

Nǹkan kékeré kan dún nínú gọ́tà náà. Pó. Kíákíá ò gbọ́. Ó ti sáré lọ sídìí géètì.

Bàbá dé!

"Bàbá, ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó! Ẹ wá wò ó!" Kíákíá fà wọ́n lọ́wọ́, ó ń fà wọ́n lọ.

Bàbá wo pákó. Bàbá wo ilẹ̀ níbi tí aṣọ funfun wà tẹ́lẹ̀. Báàgì wọn já bọ́. Gbàà!

"Ta... ta ló..." ni Bàbá wí.

"Èmi ni! Mo ti bá yín tò ó!"

Bàbá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọn ò jágbe. Wọn ò na ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn jókòó, wọ́n ń wo pákó. Kíákíá ì bá fẹ́ kí wọ́n tilẹ̀ jágbe.

"Bàbá, ṣé kò dáa ni?"

"Kíákíá," ni Bàbá wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "irú títò yìí kọ́ ni mo wí. Títò tí mo wí ni kí a dá gbogbo wọn padà sínú ẹnjìnnì. Kálukú síbi tó ti jáde."

"Ibo ni wọ́n ti jáde?"

"Aṣọ funfun ló mọ̀ ọ́n. Orí aṣọ ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí."

"Mo ti jù ú sínú abọ́ ìfọṣọ Màmá. Ẹ̀yin ò mọ̀ ọ́n?"

Bàbá mi orí. "Omi ti pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́ nìyẹn. Mẹ́tàlélógójì ni wọ́n, ọmọ mi. N ò lè rántí."

Ojú Kíákíá kún fún omijé. "Mo fẹ́ kó tètè yá ni," ló wí, ẹkún sì bú jáde. "Kí wọ́n má baà wọ́ ọ lọ!"

Bàbá fà á mọ́ra. Gíríìsì àná ṣì wà ní èékánná wọn. "Mo mọ̀. Ẹ̀bi mi náà ni. Mo ní a máa tò ó, n ò sì sọ irú títò tó jẹ́. Má sunkún mọ́."

Ṣùgbọ́n ojú Bàbá ò dán. Wọ́n dìde, wọ́n wọlé. Wọn ò wọ abẹ́ ọkọ̀ lọ rárá.

Èyí burú. Ṣé ẹ rí i bí ó ti burú tó?

Kíákíá jókòó. Kíákíá dìde. Kò mọ ibi tí ó máa fi ara sí. Ó rìn lọ sí iwájú ilé, ó rìn lọ sí ẹ̀yìn ilé. Ó wo ọkọ̀. Ọkọ̀ fi ojú iná kan ṣoṣo wò ó.

Ó rìn lọ sọ́dọ̀ Màmá.

Màmá wà nídìí abọ́ ìfọṣọ. Wọ́n ń bo aṣọ kan. Ṣìkìṣìkì, ṣìkìṣìkì. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ tìbínú-tìbínú.

"Irú òróró wo rèé? Mo fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo tún un fọ̀, kò lọ. Ṣọ́ọ̀kì ti lọ, òróró ní òun ò lọ. Iṣẹ́ orogún mi nìyí!"

Màmá gbé aṣọ náà sókè, wọ́n tẹ́ ẹ síta kí oòrùn lè tàn sí i. Aṣọ funfun ni.

Kíákíá wò ó. Ojú rẹ̀ là rekete.

Òróró ti ya nǹkan sára aṣọ náà. Òrùka kékeré kan nìyí. Òrùka ńlá kan nìyẹn. Ìlà gígùn kan rèé, bí ìka ọwọ́. Òrùka méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tún nìyí.

Ibi tí nọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan jókòó sí ni!

"Ó dáa, ó dáa, mo mọ ohun tí màá fi mú un," ni Màmá wí. Wọ́n na ọwọ́ mú ìgò oògùn tí í sọ aṣọ di funfun báláú. Wọ́n ṣí ìdérí rẹ̀.

"MÀMÁ, Ẹ DÚRÓ!"

Màmá fò sókè. Ìgò fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Ológbò tó wà lórí ògiri sá lọ.

"Ẹ má fọ̀ ọ́ mọ́! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ́! Bàbá! Bàbá! Ẹ wá! Kíákíá!"

Bàbá sáré jáde, bàtà kan lẹ́sẹ̀, bàtà kan lọ́wọ́. Kíákíá nawọ́ sí òrùka kan. Ó nawọ́ sí òmíràn. Ó kàn ń nawọ́.

Bàbá wò ó. Bàbá tún wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu wọn, ó ń gòkè lọ sójú.

"Màmá Kíákíá," ni Bàbá wí, "èyí ni aṣọ àkọ́kọ́ tí o fọ̀ tí kò mọ́. Ọlọ́run bá mi bù kún ẹ!"

"Ẹ gbọ́ o!" ni Màmá wí. "Wọ́n ń yìn mí torí ìdọ̀tí."

Wọ́n tẹ́ aṣọ náà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Ibo ni òkè, ibo ni ìsàlẹ̀?" Kíákíá béèrè.

"Ìyẹn kò lè ṣòro fún télọ̀," ni Bàbá wí. "Ẹ̀gbẹ́ tó ní ìṣẹ́tí ni mo máa ń gbé sókè."

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kíákíá sáré lọ sídìí pákó, ó mú nọ́ọ̀tì kan. Ó sáré padà. Ó gbé e lé òrùka kan.

Ó bá a mu? Kò bá a mu.

Ó gbé e lé òmíràn. Ó bá a mu? Kò bá a mu.

Ó gbé e lé ẹ̀kẹta. Ó bá a mu? Ó BÁ A MU!

Ó tún sáré. Pákó, aṣọ. Pákó, aṣọ. Pákó, aṣọ. Ta ló tún lè sáré báyìí? Á ti rẹ ẹlòmíràn. Kò rẹ Kíákíá.

"Àwọn tó bá dọ́gba ńkọ́, Bàbá?"

"Àwọn tó bá dọ́gba, èyíkéyìí nínú wọn á ṣe é."

Ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Mẹ́wàá. Ogún. Ọgbọ̀n. Ogójì! Mọ́kànlélógójì. Méjìlélógójì.

Kíákíá sáré lọ sídìí pákó. Pákó ṣófo.

Ó wo aṣọ. Òrùka kan ṣoṣo ṣì wà níbẹ̀ tí kò ní nǹkan kan lórí. Òrùka kékeré kan, nínú igun.

Wọ́n wo abẹ́ pákó. Kò sí. Wọ́n gbọn garawa. Kò sí. Màmá gbọn gbogbo aṣọ tó wà nínú abọ́. Kò sí.

Kíákíá wo gọ́tà. Omi ń ṣàn nínú rẹ̀, ó ń lọ, kò wẹ̀yìn.

"Gọ́tà ti gbé e mì," ni Kíákíá wí.

"Ẹ jẹ́ ká to èyí tó wà ná," ni Bàbá wí. "Títò tèmi, o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Bàbá."

Ní kùtùkùtù ọjọ́ Àbámẹ́ta, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ó.

Bàbá wà nídìí ẹnjìnnì. Kíákíá wà nídìí aṣọ. "Mú èyí tó wà lókè lápá ọ̀tún wá!" Kíákíá mú un wá. "Mú méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn wá!" Kíákíá mú wọn wá. Sípánà ń dún. Kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́.

Oòrùn ń gòkè. Kíákíá wo oòrùn. Ó wo Bàbá. Ó wo géètì. Ó tún wo oòrùn.

Nígbà tó yá, Bàbá gbé orí sókè. "Ó ti tán," ni wọ́n wí. "Àfi ọ̀kan yẹn."

"Ṣé kò lè rìn láìsí i, Bàbá? Ó mà kéré!"

"Ó kéré, ṣùgbọ́n òun ló ń di páìpù epo mú. Bí kò bá sí níbẹ̀, epo á máa jò. A ò lè ṣíná báyẹn. Ọkọ̀ yìí sì ti dàgbà jù, wọn ò ta irú nọ́ọ̀tì rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mọ́."

Ìgbà náà ni wọ́n gbọ́ ọ.

Ṣẹnrẹn! Ṣẹnrẹn! Ṣẹnrẹn!

Ṣéènì ni! Oní-irin-àlòkù ti dé.

Ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ dúró níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì. Bàbá onílé náà dúró síbẹ̀, wọ́n ń wo aago ọwọ́ wọn. "Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Télọ̀!"

Kíákíá sá sẹ́yìn Màmá. Ó fi ojú kan yọ wo oní-irin-àlòkù. Ọkùnrin sìgbọ̀nlẹ̀ ni. Ṣéènì wà léjìká rẹ̀.

Kíákíá wo ẹ̀yìn ọkọ̀ akẹ́rù náà. Bẹ́ẹ̀dì onírin wà níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí kò ní táyà wà níbẹ̀. Garawa kan sì wà níbẹ̀, ó kún dẹ́nu.

Kí ló kún inú garawa náà? Nọ́ọ̀tì! Nọ́ọ̀tì àlòkù, nọ́ọ̀tì àtijọ́, ọ̀kẹ́ àìmọye nọ́ọ̀tì!

Ẹ̀rù ń ba Kíákíá. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gbéra, ẹ sì mọ ẹsẹ̀ Kíákíá.

Ó mú aṣọ funfun dání. Ó lọ dúró níwájú oní-irin-àlòkù. Ó gbé orí sókè, ó gbé e sókè, kó tó rí ojú rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Hẹn-ẹn? Ta ló ń sọ̀rọ̀?" Ọkùnrin náà wo ilẹ̀. "Háà! O ṣeun, ọmọ dáadáa."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ fún mi ní nọ́ọ̀tì kékeré kan."

"Kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Kíákíá ò mọ irọ́ pa. "Kí ẹ má baà lè wọ́ ọkọ̀ wa lọ ni."

Màmá fi ọwọ́ bo ẹnu.

Oní-irin-àlòkù wo Kíákíá. Ó wo Bàbá tí gíríìsì bò. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Há há há há! Ṣéènì tó wà léjìká rẹ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, ṣẹnrẹn-ṣẹnrẹn.

"Ẹ gbà mí o! Mo wá gbé ọkọ̀, ọmọ yìí ní kí n wá bá òun tún un ṣe!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ni Kíákíá wí.

"Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ," ni Bàbá onílé wí.

Oní-irin-àlòkù gbé garawa rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Gbìì! Ó tẹ́ aṣọ náà sórí àtẹ̀gùn ọkọ̀ rẹ̀, Kíákíá sì nawọ́ sí òrùka kékeré inú igun. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá.

Ó mú ọ̀kan. Ó bá a mu? Kò bá a mu. Ó tóbi jù.

Ó mú òmíràn. Ó bá a mu? Kò bá a mu. Ó kéré jù.

"Ìṣẹ́jú márùn-ún!"

Kíákíá ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. Ó ń jó lórí ẹsẹ̀ kejì. Oní-irin-àlòkù ti ọwọ́ bọ inú garawa dé ìgúnpá. Ó mú ọ̀kan jáde, ó fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nù ún.

Ó bá a mu?

Ó BÁ A MU!

Kíákíá gbà á, ó sáré. Ẹ ò rí eré! Bàbá gbà á. Wọ́n fi ọwọ́ yí i, ó ń wọlé. Wọ́n fi sípánà fún un, kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́-kẹ́rẹ́, ó le dáadáa.

"Ìṣẹ́jú méjì, Télọ̀!"

Bàbá wọ inú ọkọ̀. Wọ́n yí kọ́kọ́rọ́.

Kẹ̀ẹ̀. Kẹ̀ẹ̀. Kẹ̀ẹ̀. Ọkọ̀ dákẹ́.

Bàbá tún yí i. Kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-wú! Ọkọ̀ wúkọ́. Alángbá sá jáde. Ọkọ̀ tún dákẹ́.

"Orogún mi," ni Màmá wí, "má dójú tì mí lónìí. Jọ̀ọ́, dìde."

Bàbá yí kọ́kọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kẹta.

Kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀-kẹ̀ẹ̀... wú! wú!... gbù... gbù... GBÙÙÙÙÙ!

Ó jí! Èéfín jáde nídìí rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ń gbọ̀n, gíláàsì rẹ̀ ń gbọ̀n. Kíákíá pariwo, Màmá pariwo, oní-irin-àlòkù pariwo jù wọ́n lọ.

Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ọkọ̀ jáde nínú koríko. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó kọjá okùn aṣọ. Jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ó rìn jáde ní géètì. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn.

Bàbá onílé wo aago. Wọ́n wo ọkọ̀. Wọ́n tún wo aago.

"Ó jáde," ni wọ́n wí.

Oní-irin-àlòkù ká ṣéènì rẹ̀. "Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi lónìí," ló wí, ẹ̀rín sì wà lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá," ni Kíákíá bi Bàbá onílé, "ṣé ó lè padà wọlé tó bá yá?"

Bàbá onílé wú ikọ́ díẹ̀. "Mo ní kó jáde. Ṣé mo ní kó má wọlé mọ́ ni?" Wọ́n sún mọ́ ọkọ̀ náà. Wọ́n fi ọwọ́ kan ìjókòó aláwọ̀ ojú ọ̀run. "Télọ̀, ṣé ẹ máa kọjá ní ìkóríta?"

"Ẹ wọlé, bàbá," ni Bàbá wí.

Bàbá onílé wọ ẹ̀yìn, tọ̀pátọ̀pá. Màmá wọ iwájú. "Orogún mi, sún fún mi," ni wọ́n wí. Kíákíá jókòó lẹ́bàá fèrèsé, Bàbá sì de bẹ́líìtì mọ́ ọn.

Ọkọ̀ gbéra. Ó kọjá ilé alágbàfọ̀. Ó kọjá ilé ìwé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ wọlé, fẹ́ẹ́ẹ́. Igi ń sá lọ sẹ́yìn, ògiri ń sá lọ sẹ́yìn.

Inú ọkọ̀ dákẹ́. Ó dákẹ́ jù. Màmá yí orí wẹ̀yìn.

"Kíákíá, ṣé kò sí nǹkan? Ẹsẹ̀ ẹ mà dúró jẹ́ẹ́."

Kíákíá wo ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lóòótọ́ ni. Wọn ò mì. Wọ́n kàn wà níbẹ̀, wọ́n sinmi.

"Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá," ni Kíákíá wí. "Ọkọ̀ ló ń bá wọn rìn."